Ohun Tí A Rí Tí A Kò Sọ

Nígbà tí Ògúnrẹ̀mí kọ́kọ́ fojú kan Rùkáyátù, ó rò pé arọ ni.

Ó ti lọ ra irin ní Atakpamé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ó ṣe padà dé àgbàlá tí ó ti ń jórin lẹ́bàá títì ní Agbonou, ó rí obìnrin kan tó wé ìborùn aláwọ̀ osàn, tó wà láàárín páìpù gígùn méjì tí òun tò sórí àga iṣẹ́ lánàá. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé èkejì, orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

Ògúnrẹ̀mí ju irin sílẹ̀, ó sáré gbá a mú lábẹ́ apá.

"Ẹ rọra o! Ta ló gbé yín wá síbí tó fi yín sílẹ̀?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó nàró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí.

"Kò sẹ́ni tó gbé mi wá. Mo ń wò ó bóyá gíga páìpù yín á bá àwọn aláìsàn mi mu ni. Àmọ́ bí ẹ bá rí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lóòótọ́, ẹ má fà á lábẹ́ apá báyẹn mọ́. Ẹ ó yẹ̀ ẹ́ léjìká."

"Mo fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ ìṣubú ni."

"Mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ èjìká tí mo ti tọ́jú, ẹni tó fẹ́ gba aláìsàn ló yẹ̀ wọ́n."

Ọmọ Yorùbá oníṣòwò ọjà Atakpamé ni Rùkáyátù. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kó aṣọ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n Àdúràọlá, ìyá rẹ̀, ṣì ń ta aṣọ lọ́jà náà. Lomé ni Rùkáyátù ti kọ́ iṣẹ́ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní kiné, iṣẹ́ títọ́jú iṣan àti oríkèé, kí ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá dá dúbúlẹ̀ lè tún rìn. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀, lórí ìwé àdéhùn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn ò tún ìwé náà ṣe mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò ṣe ọmọ abẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gba yàrá méjì àti fàráńdà kan ní Agbonou. Oṣù mẹ́jọ ló fi lé ìwé àṣẹ kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ìwé ti dé wàyí. Ohun èlò ló kù.

Ògúnrẹ̀mí bá a ṣe ọ̀pá irin méjì tí aláìsàn yóò máa dì mú rìn, ó bá a ṣe bẹ́ẹ̀dì gíga, ó bá a kan àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré kan mọ́ ògiri, tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹni tí èjìká rẹ̀ ti gan lè máa fa okùn náà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló sọ di ti oṣù kan. Bí ó bá ti jó irin kan pọ̀ tán, á ní kí Rùkáyátù wá wò ó. Bí Rùkáyátù bá ti wò ó tán, á rí ohun kan tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

"Dókítà, ṣé eléyìí ti tó?"

"Mo ní n kì í ṣe dókítà."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ẹ ò gbọ́ orúkọ mi ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó dùn lẹ́nu mi jù, mò ń ṣọ́ ọ lò ni."

Ọ̀kan nínú àwọn Ifẹ̀ agbègbè Atakpamé ni Ògúnrẹ̀mí, èdè wọn súnmọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó máa ń ní Yorùbá Rùkáyátù dà bí ti rédíò. Rùkáyátù á ní Ifẹ̀ tirẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi iṣu gbígbóná sẹ́nu sọ̀rọ̀. Kí irin ìkẹyìn tó tutù, wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

Rùkáyátù ṣílẹ̀kùn, ó gbé pátákó síta, ó dúró. Kò sẹ́ni tó wá. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Antoine, tí apá òsì rẹ̀ ti rọ, ni aláìsàn àkọ́kọ́, òun nìkan náà ló sì wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn yòókù á yọjú, wọ́n á béèrè abẹ́rẹ́. Bí ó bá ní òun ò gún abẹ́rẹ́, wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wo irin, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé: "Ṣé kí n gbọ́wọ́ sókè, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ni n ó wá sanwó fún?"

"Jẹ́ kí n mú ọ lọ rí bàbá mi," ni Ògúnrẹ̀mí wí.

Ato-eegun ni Ògúnyínká, bàbá Ògúnrẹ̀mí, ní abúlé kan lọ́nà Moretan. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé ẹni tí alùpùpù gbá wá bá a. Nígbà tí Rùkáyátù dé ibẹ̀, ó bá ènìyàn mẹ́sàn-án lórí ẹní lábẹ́ òrùlé koríko, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi há apá tàbí ẹsẹ̀ oníkálukú, wọ́n fi aṣọ dì í.

Bàbá náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Rùkáyátù na ọwọ́. Ó dijú, ó fi àtàǹpàkò tọ egungun ọwọ́ òsì rẹ̀ láti ìgúnpá wá sísàlẹ̀, ó dúró níbì kan.

"Apá rẹ ti kán níbí rí. O ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà."

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Kò sọ ọ́ fún Ògúnrẹ̀mí pàápàá rí. Ó wo àtàǹpàkò àgbàlagbà náà, ó bọ̀wọ̀ fún un láti ọkàn wá.

Wọ́n ṣàdéhùn. Eegun jẹ́ ti Ògúnyínká. Oríkèé tó bá gan lẹ́yìn tí eegun bá jinná jẹ́ ti Rùkáyátù. Láti oṣù yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń dé sí fàráńdà Agbonou. "Bàbá ato-eegun ló ní ká wá." Wọn ò béèrè abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò tẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tí kò lè fọwọ́ kan orí ń di irun fúnra rẹ̀. Inú Rùkáyátù dùn débi pé ó ń kọrin bí ó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti abúlé bọ̀, Ògúnrẹ̀mí dá alùpùpù dúró sábẹ́ igi tíìkì.

"Epo tán ni?" Rùkáyátù béèrè.

"Rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fi ẹ̀yìn sọ fún ọ."

"Yíjú sí mi, jẹ́ n gbọ́."

"Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

"Gbogbo irin tí o ní kí n wá wò nígbà yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n fẹ́ àtúnṣe lóòótọ́?"

"Méjì nínú wọn fẹ́ ẹ."

Rùkáyátù rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀, ó sì ní ó dára.

Àdúràọlá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní Mùsùlùmí ni àwọn, ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún kọ́ ni òun bí ọmọ fún. Ṣùgbọ́n kò lé Ògúnrẹ̀mí jáde, ó sì máa ń bu oúnjẹ fún un. Ògúnyínká ní tirẹ̀ dáhùn ní gbólóhùn kan: "Ọwọ́ ọmọ náà mọ iṣẹ́." Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ìkórè iṣu.

Rùkáyátù ti rí ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá a máa di aṣọ le jù nígbà mìíràn. Nígbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, ní pẹ̀lẹ́, pé kí Bàbá máa fi orí ìka sílẹ̀ kí àwọn lè máa wo àwọ̀ rẹ̀, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ lòun ti ń di apá. Rùkáyátù kò tún sọ ọ́ mọ́. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni ọmọ ọkùnrin náà. Àwọn aláìsàn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù òjò ni Julienne délé Bàbá. Aránṣọ ni Julienne ní Agbonou, abilékọ ọlọ́mọ méjì. Ó já bọ́ lórí alùpùpù, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán nísàlẹ̀ ìgúnpá. Bàbá tò ó, ó dì í. Nígbà tí Rùkáyátù yọjú lọ́jọ́ Ajé láti wo àwọn tí wọn yóò kó wá bá a, ó gbọ́ tí obìnrin náà ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. Àwọn ìka rẹ̀ ti wú, wọ́n dúdú, wọ́n sì tutù. Bí Rùkáyátù ṣe rọra na ìka kan báyìí, igbe tí Julienne ké mú kí àwọn adìyẹ àgbàlá fò.

Rùkáyátù mọ ohun tó ń wò. Wọ́n kọ́ ọ ní Lomé, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn án: wákàtí díẹ̀ ló kù kí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ kú pátápátá.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ó yẹ kí a tú u. Nísinsìnyí ni."

Àwọn aláìsàn yíjú sí wọn. Ìyàwó ìjòyè kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ògúnyínká ò gbójú sókè nínú àgúnmu tó ń pò.

"Eegun tuntun máa ń ké," ó ní. "Lọ́la ni mò ń tú u."

Rùkáyátù wo Ògúnrẹ̀mí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ògúnrẹ̀mí mi orí sí i. Ó mì í díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin: má dójú ti bàbá mi láàárín èrò.

Ó dìde. Ó sọ fún Julienne pé kó ṣe sùúrù. Ó gun alùpùpù lẹ́yìn ọkùnrin tó fẹ́ràn, wọ́n sì lọ ilé.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Laurent, ọkọ Julienne, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n là á lápá, wọn ò gé e. Ṣùgbọ́n iṣan ti kú nínú rẹ̀. Àwọn ìka náà ká wọnú bí èékánná ẹyẹ, wọn ò sì nà mọ́.

Laurent kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì sọ̀rọ̀ líle. Nígbà tí eegun náà jinná, ó pe Ògúnyínká lẹ́jọ́ níwájú olórí abúlé. Gbogbo ìlú pé. Ògúnyínká ní òun to eegun náà dáadáa, eegun náà sì ti jinná. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ni kò dára. Àwọn àgbà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni Laurent na ọwọ́ sí ibi tí Rùkáyátù jókòó.

"Kiné wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó mi ní ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọwọ́ òun. Kí ó sọ ohun tó rí."

Rùkáyátù dìde. Ó mọ pé gbólóhùn kan péré lè gbà á: pé òun ò rí nǹkan. Ó wo Julienne tó fi ìborùn bo ọwọ́ náà.

"Mo rí i pé ọwọ́ náà ń kú," ó ní. "Aṣọ náà le jù. Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n tú u, wọ́n ní ó di ọ̀la. Èmi mọ̀ pé kò lè dúró di ọ̀la. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́, mo lọ ilé. Ẹ kọ ẹ̀bi tèmi náà sílẹ̀."

Ògúnyínká wò ó. Kò bínú, ó kàn ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ògúnrẹ̀mí dìde láàárín èrò, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Olórí abúlé ní kí Ògúnyínká tọrọ àforíjì, kí ilé rẹ̀ sì máa bá Laurent ro oko rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ògúnyínká tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo ọparun rẹ̀ sínú iná, ó ní òun ò to eegun mọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kàwé.

Ọjọ́ kẹta ni Ògúnrẹ̀mí dé fàráńdà Agbonou. Kò jókòó.

"Ilé ló yẹ kí o ti sọ ọ́, Rùká. Kì í ṣe níwájú gbogbo ayé."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ nílé. Ilé bàbá rẹ náà ni mo wà lọ́jọ́ Ajé. O mi orí sí mi."

Ògúnrẹ̀mí yíjú sí títì.

"Bàbá mi ò jẹun láti ọjọ́ náà," ó wí.

"Julienne ò lè fọwọ́ jẹun mọ́."

Ó lọ. Kò padà wá fún oṣù márùn-ún. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Rùkáyátù ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké lójoojúmọ́. Wọ́n kórè iṣu, ìgbéyàwó sì kọjá bí ọjọ́ lásán. Àwọn aláìsàn láti ọ̀nà Moretan dáwọ́ dúró: wọ́n ní obìnrin tó jẹ oúnjẹ àgbàlagbà tó sì tú àṣírí rẹ̀ kò ṣeé fi ara hàn. Ó ku Antoine. Ó ku Julienne.

Bẹ́ẹ̀ ni, Julienne ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní agogo méje àárọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó gbé ọwọ́ náà lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní: "Má rò pé mo ti dárí jì ọ́. Ìwọ nìkan ni kiné tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Rùkáyátù wí.

Ó ń na àwọn ìka náà ní ìwọ̀n fọ́nrán irun, ó ń fi pákó tẹ́lẹ̀ wọn, ó ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ wọ́n. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ló ń mira díẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn Julienne á sunkún, Rùkáyátù á dúró, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, Ògúnrẹ̀mí ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Julienne. Ó rí i tó fi eyín di aṣọ mú, tó fi ọwọ́ òsì ti aṣọ náà sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Aṣọ náà yọ̀. Ó tún un dì mú. Ó tún yọ̀. Ògúnrẹ̀mí wọlé.

"Kí lo fẹ́?" Julienne béèrè.

"Èmi ni mo mi orí sí i," ó ní. "Ọjọ́ Ajé yẹn. Ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, èmi ni mo ní kó dákẹ́. Kò dárúkọ mi lẹ́jọ́. Mo ń retí kó dárúkọ mi, kò dá a."

Julienne ti aṣọ náà sí apá kan. "Bóo bá ti wá sunkún níbí, jáde. Bóo bá lè ṣe nǹkan kan sí ẹ̀rọ yìí, jókòó."

Ó jókòó. Ó wọn ẹ̀rọ náà. Ó ṣe irin pẹlẹbẹ kan tí orúnkún ń tẹ̀, tí yóò máa di aṣọ mú ní ipò ọwọ́ ọ̀tún. Èyí àkọ́kọ́ ya aṣọ. Èkejì wúwo jù. Nígbà ẹ̀kẹta Julienne ní: "Lọ bi kiné bí orúnkún mi ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tí ìbàdí ò ní máa dùn mí."

Báyìí ni Ògúnrẹ̀mí ṣe tún gun àtẹ̀gùn fàráńdà náà, irin lọ́wọ́, tí kò mọ ibi tí ì bá fi ojú sí. Rùkáyátù gba irin, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ga jù," ó ní.

"Mélòó ni kí n gé?"

"Ìka méjì."

Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dúró lẹ́yìn tí Julienne ti lọ.

"Mo bínú sí ọ nítorí pé o ṣe ohun tí mi ò lè ṣe," ó wí. "Bí mo bá ń wo bàbá mi, mo ń rí orí mi tó ń mì."

"Èmi náà ń rí ẹsẹ̀ mi tó ń gun alùpùpù," ni Rùkáyátù wí. Ó gbé iwájú orí lé èjìká rẹ̀.

Wọ́n jọ lọ kúnlẹ̀ fún Ògúnyínká. Ó ti rù. Ó jókòó lábẹ́ òrùlé koríko tí ẹní kan ò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ wọn títí wọ́n fi sọ tán.

"Òótọ́ lo sọ," ó wí fún Rùkáyátù. "Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo tú aṣọ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà pa mí. N kò gégùn-ún fún yín. Ẹ má sì ní kí n súre. Ẹ dìde, ẹ máa lọ."

Lójú ọ̀nà, Rùkáyátù ní kí Ògúnrẹ̀mí dá alùpùpù dúró.

"Mi ò lè fẹ́ ẹni tí yóò tún mi orí sí mi," ó ní. "Bó jẹ́ bàbá ẹ, bó jẹ́ ìyá mi. Bó jẹ́ èmi gan-an ni mo di aṣọ le jù."

"Bó bá jẹ́ ìwọ, n ó sọ ọ́ sí ọ létí."

"Bí èrò bá wà ńbẹ̀ ńkọ́?"

Ògúnrẹ̀mí sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó yíjú sí i. "N ó sọ ọ́ níwájú èrò," ó wí.

Àlùfáà kọ̀ láti so yìgì fún ọmọ ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún. Iwájú mẹ́ẹ̀rì, alága ìlú, ní Atakpamé ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òòrùn mú. Antoine ṣe ẹlẹ́rìí, ó gbé ọwọ́ òsì tó ti rọ lé orí ìwé kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Àdúràọlá jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá, ó fi gèlè bo ojú. Nígbà tí wọ́n parí, ó wá gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ. Ẹnikẹ́ni ò wá láti ọ̀nà Moretan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, agogo méje, Julienne gun àtẹ̀gùn. Ó rí òrùka lọ́wọ́ Rùkáyátù.

"Ẹ ti ṣe é," ó ní.

"A ti ṣe é."

Julienne jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé ọwọ́ náà lé orí bẹ́ẹ̀dì. Rùkáyátù gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìka kékeré.

"Ó ń dùn mí," ni Julienne wí.

"Mo mọ̀," ni Rùkáyátù dáhùn. "Máa sọ ọ́ fún mi."